Kí Àwòrán Ẹ̀rọ Tó Kúrò ní Alábàtà

Ní Abẹ́òkúta, àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ gàrí wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, lójú ọ̀nà Alábàtà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà tà wà ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà káàkiri ìgboro. Bí àwọn méjèèjì bá máa pàdé, orí fóònù ni wọ́n sábà ń pàdé sí: olùwádìí á ya àwòrán ẹ̀rọ, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wẹ́dà á ní "mo ti rí i, ọ̀gá". Àwòrán ti jáde, ìwé kankan kò sí nílẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àjọṣe ti ń bàjẹ́, kí owó tó dé ọ̀rọ̀ rárá.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde ni ìṣòro. Henry Chesbrough, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ló sọ orúkọ náà open innovation di gbajúmọ̀ ní 2003: kí ilé-iṣẹ́ máa gba ìmọ̀ wọlé láti ìta, kó sì jẹ́ kí ìmọ̀ tí òun kò lò jáde sọ́dọ̀ ẹni tó máa lò ó. Orúkọ ńlá ni, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe gàrí ní Ọ̀dẹ̀dá bá kọ pé "a fẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé", kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn ṣe nǹkan. Kí wọ́n kọ iye kílò gbágùúdá bíbó tí wọ́n fẹ́ rin ní wákàtí kan, bóyá iná ọba wà lẹ́bu, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, tàbí kò sí, iye ènìyàn tí yóò máa lo ẹ̀rọ náà, àti iye owó tí wọn kò lè kọjá. Kí wọ́n kọ bí gàrí náà ṣe gbọ́dọ̀ rí nígbà tó bá jáde: òdiwọ̀n Codex, ìyẹn òdiwọ̀n oúnjẹ àgbáyé, fún gàrí ní omi inú rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, hydrocyanic acid, ìyẹn májèlé inú gbágùúdá, kò sì gbọ̀dọ̀ ju mílígíráàmù 2 nínú kílò kan. Kò sí àṣírí kankan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹni gbogbo.

Ojútùú ni àṣírí wà nínú rẹ̀. Pátẹ́ǹtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun pé òun nìkan ló láṣẹ lórí rẹ̀. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, Patents and Designs Act ti 1970, ohun tí aráyé ti rí níbikíbi lágbàáyé kí ẹ tó kọ̀wé béèrè pátẹ́ǹtì kì í ṣe tuntun mọ́. Ìwé àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wọ láíbìrì, ìwé ìwádìí tó ti jáde, fídíò lórí Facebook, gbogbo wọn ló lè ba pátẹ́ǹtì jẹ́. Òfin fúnni ní oṣù 6 bó bá jẹ́ pé níbi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba dá mọ̀ ni ẹ ti fi ohun náà hàn. Ìpàtẹ gbọ̀ngàn ilé ìwé kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìwé àdéhùn àṣírí lẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí, ẹ kọ̀wé béèrè pátẹ́ǹtì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kí àwòrán tó jáde.

Ta ló wá láṣẹ láti fọwọ́ sí i? Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ olùkọ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ló ni í lábẹ́ òfin yẹn. Ẹ wá ọ́fíìsì IPTTO lọ ní yunifásítì, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀, èyí tí NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń bá àwọn ilé ìwé gíga dá sílẹ̀ fún irú ọ̀ràn yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́: bí orúkọ rẹ̀ bá wà lára iṣẹ́ náà, kí òun náà fọwọ́ sí ìwé tó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé ilé ìwé lọ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè yọjú lọ́dún kẹta pé òun ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Wẹ́dà náà ní ohun tí yóò ṣọ́. Ohun tí ènìyàn bá hùmọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ẹni tó gbé iṣẹ́ ló ni í, àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn.

Ọdún 20 ni pátẹ́ǹtì, ẹ ó sì máa san owó ọdọọdún. Ẹ má rò pé ìwé ẹ̀rí náà parí ìjà, nítorí òfin fúnra rẹ̀ sọ pé ìjọba kò ṣe onídùúró fún un. Ẹni tó bá lè fi hàn nílé ẹjọ́ pé ohun náà kì í ṣe tuntun lè fa á lulẹ̀. Fún ẹ̀rọ tí wẹ́dà mìíràn lè wò lẹ́ẹ̀kan kó sì ṣe irú rẹ̀, mo gbà pé orúkọ ọjà tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ àti kí ẹni tó ṣe é tètè dé ọjà wúlò ju pátẹ́ǹtì lọ. Àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú ní ọ̀nà tiwọn: ọnà tuntun ṣeé forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí design fún ọdún 5, ó sì ṣeé sọ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, ọdún 5 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kí aṣọ náà tó kọ́ sí ìsọ̀ ni kí wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọnà àtayébáyé bí Ìbàdàndùn àti Olókun kì í ṣe ti ẹnì kankan.

Ó wá kan irin àti bẹ́líìtì. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá ṣe àpẹẹrẹ. Ní ilé ìwé, mọ́tò iná tó ń yí ìgbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Púlì mọ́tò jẹ́ 100 mm, ti rólà jẹ́ 120 mm, rólà sì ń yí 1,200. Ní ṣọ́ọ̀bù, iná kò dúró, ni ọ̀gá wẹ́dà bá gbé ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 5.5 hp sí i, èyí tó lè yí dé 3,600. Bí kò bá pààrọ̀ púlì, rólà á máa sáré 3,000. Bíárìnì á gbóná, férémù á máa gbọ̀n, ìṣó tó di páànù mọ́ rólà á tú, ẹ ó sì gbọ́ pé "ẹ̀rọ àwọn fásitì kò dára". Púlì 75 mm lórí ẹ́ńjìnnì àti 225 mm lórí rólà yóò dá a padà sí 1,200. Ẹ má jẹ́ kí púlì kékeré kéré ju 75 yẹn lọ, torí bẹ́líìtì á máa yọ̀, á sì tètè já. Ìṣirò yìí yẹ kó wà lára àwòrán, fún mọ́tò iná àti fún ẹ́ńjìnnì.

Irin náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Omi gbágùúdá máa ń kan, ó sì ń jẹ irin. Bí àwòrán bá ní stainless, ìyẹn irin tí kì í tètè dípẹtà, tí wẹ́dà lo irin lásán kí owó lè wálẹ̀, ìpẹtà á wọ inú gàrí, àwọ̀ rẹ̀ á sì dọ̀tí. Ó sàn kí olùwádìí kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé gbogbo ibi tí gbágùúdá ń kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ stainless, férémù àti ẹsẹ̀ lè jẹ́ irin lásán. Wẹ́dà á mọ ibi tó ti lè dín owó kù.

Kí ẹnikẹ́ni tó san owó àṣekù, ẹ dán ẹ̀rọ náà wò ní ẹbu, kì í ṣe ní yàrá ìdánwò. Ẹ wọn 100 kílò gbágùúdá bíbó, ẹ fi fóònù ka àkókò, ẹ wọn bẹntiróòlù kó tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí, ẹ ṣa ègé tí kò rin, kí ẹ wọn òun náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn wákàtí kan, bí ọwọ́ kò bá ṣeé gbé lé ilé bíárìnì, ẹ dá a dúró. Ẹ rántí pé 100 kílò gbágùúdá tí a kò tíì bó kì í sábà ju 20 sí 25 kílò gàrí lọ. Ẹni tó bá ṣèlérí 40 ń tan yín.

Nípa owó, ẹ má so royalty, ìyẹn owó tí wẹ́dà ń san fún ẹni tó ni ìmọ̀, mọ́ èrè. Èrè rọrùn láti bò mọ́lẹ̀, ìjà rẹ̀ kì í sì í tán. Ẹ so ó mọ́ iye tí wọ́n ta ẹ̀rọ: ká ní wọ́n ń ta ọ̀kan ní ₦600,000, tí àdéhùn jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦24,000 ni lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tí wọ́n lù sára irin, kí ìwé ọjà sì bá nọ́mbà náà mu. Bí wẹ́dà bá gba àṣẹ pé òun nìkan ni yóò máa ṣe ẹ̀rọ náà ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ìwé sọ iye ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ ṣe láàárín oṣù 12, kí àṣẹ òun nìkan yẹn má baà sùn sí i lọ́wọ́. Kí ó sì sọ ẹni tó ni àtúnṣe tí wẹ́dà bá ṣe. Wọ́n máa ń ṣe é, ó sì sábà dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun abẹ̀mí yàtọ̀. Adìyẹ FUNAAB Alpha tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018 lè pa ọmọ lọ́gbà ẹni tó bá rà á, kò sí nọ́mbà tí ẹ lè lù sára rẹ̀. Ohun tó yẹ kí àdéhùn dì mú níbẹ̀ ni ọ̀wọ́ ìyá àti bàbá adìyẹ, ìwé àkọsílẹ̀ ìdílé wọn, àti ẹni tó láṣẹ láti pa ọmọ ọjọ́ kan tà.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ni ìmọ̀ náà ti ń bọ̀, ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ń gba ọ̀nà ìṣe láti Ṣáínà, NOTAP ti di dandan. Láìsí ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, báńkì kò gbọdọ̀ fi owó àdéhùn náà ránṣẹ́ sókè òkun. NOTAP lè kọ̀ láti forúkọ àdéhùn tó gùn ju ọdún 10 lọ sílẹ̀, tàbí èyí tó fi dandan lé e pé ọ̀dọ̀ olówó ìmọ̀ nìkan ni ẹ ti gbọ́dọ̀ máa ra sípéà, tàbí tó ní kí ẹ fi gbogbo àtúnṣe yín lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ 60 ni òfin fún yín láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gúnlẹ̀ ní Àpápá.