Ọjọ́ tí Màmá elélùbọ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi
Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀fà lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ń gba àwa àgbà tá a fẹ́ wọ Ìjọ Àgùdà. Màmá elélùbọ́ àdúgbò wa ló dúró fún mi. Wọ́n ti lé ní 70 ọdún. Fàdá ń dárúkọ ẹ̀yà ara, Màmá ń fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú sí i lára mi: iwájú orí, etí, ojú, ètè, àyà, èjìká, ọwọ́. Ó wá ku ẹsẹ̀. Bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀, tí orúnkún wọn dún kà, mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín.

"Dìde jàre, ẹ̀yìn ń dùn mí!"

Èmi tí mo rò pé oṣù méjì la máa fi kàwé ìrìbọmi. Katikíìsì, olùkọ́ wa, ní ó di òru Àjíǹde: ìrìbọmi, òróró mímọ́ tí wọ́n ń pè ní krísímà, Ara Kristi, gbogbo rẹ̀ lóru kan ṣoṣo. Títí di ìgbà náà, bí ìwàásù bá ti parí, àwa tí a kò tíì ṣèrìbọmi á máa jáde ni.

Màmá ní kí n máa wá ka àdúrà fún àwọn ní ìsọ̀. Lánàá, mo ka "Mo gbàgbọ́" dé ìdajì, oníbàárà ní òun fẹ́ kóńgò méjì. Èmi náà ni mo wọ̀n ọ́n.