Ìdí Tí Mo Fi Lọ Kọ́ Iṣẹ́ Olùkọ́ Lẹ́yìn Tí Mo Ka Microbiology

Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí wọ́n mọ̀ pé Microbiology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, ni mo kà jáde ní yunifásítì ṣì máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo tún ń wá láàárín àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí iṣẹ́ wà ní ilé ìwòsàn àti ní àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ. Ìdáhùn mi kò gùn: iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fẹ́ máa ṣe jẹun, mo sì fẹ́ kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, bí ẹni tó fẹ́ di aránṣọ ti ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ kàwé jáde nínú ẹ̀ka mìíràn, tí ẹ sì ń kọ́ ọmọ ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ lónìí.

Òfin tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti sọ. Láti 1993 ni òfin tó dá TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ti wà, òun ló sì ní kí ẹni tó bá ń fi ìkọ́ni ṣe iṣẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà. Ẹni tó ní NCE (ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́) tàbí B.Ed. (oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ olùkọ́) ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní B.Sc. tàbí B.A. lásán ní láti gba PGDE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti gba oyè yunifásítì nínú ẹ̀ka mìíràn, kún un. Ìwé ẹ̀rí yìí kan náà ni àtẹ̀gùn tí irú wa máa ń gbà dé ìdí M.Ed., oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Àwa ará Ìjẹ̀bú kò tilẹ̀ ní láti rìn jìnnà, nítorí pé Ìjagùn, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn sọ ọ́ di yunifásítì ní 2005, orúkọ Tai Solarin ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tún lè lọ sọ́dọ̀ NTI, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kàdúná, nítorí pé 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba PGDE nítorí ìwé nìkan, kí orúkọ wọn lè wọ inú ìwé TRCN. Wọ́n ń pàdánù ohun tó dára jù nínú rẹ̀. Bí ìwé ìtàn ẹ̀kọ́ àti ti ìmọ̀ ọgbọ́n-orí bá tilẹ̀ sú ènìyàn díẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa bí ọkàn ọmọ ṣe ń gba ìmọ̀ kò lè sú ẹni tó fẹ́ràn ọmọ. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé David Ausubel, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ ní 1968 pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù lọ nínú ohun tó ń pinnu bí yóò ṣe kẹ́kọ̀ọ́, àti pé iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kọ́kọ́ wádìí ìyẹn.

Mo lo ọ̀rọ̀ yìí nígbà TP, àkókò tí wọ́n máa ń rán wa lọ fi ìkọ́ni dánra wò, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó, nígbà tí ó kàn mí láti kọ́ wọn nípa bakitéríà tó ń mú oúnjẹ kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní yunifásítì ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ: Lactobacillus, ásíìdì, ẹ́ńsáìmù. Dípò ìyẹn, mo béèrè lọ́wọ́ kíláàsì pé kí ni ó ń mú gàrí Ìjẹ̀bú kan ju gàrí ibòmíràn lọ. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́ tán, wọn kì í tètè yan án. Ìyá mi máa ń jẹ́ kó pẹ́ nínú àpò.” Òmíràn ní bí ẹ̀gẹ́ náà bá ṣe pẹ́ tó ni òórùn rẹ̀ ń yí padà tó. Òmíràn tún mẹ́nu kan omi tó ń ro lábẹ́ àpò nígbà tí òkúta bá wà lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn ló ti wà nílẹ̀, ó ku kí n fi orúkọ àti ìdí kún un: pé bakitéríà ló ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀gẹ́, tó sì ń sọ ọ́ di ásíìdì, pé rínrin ló ń jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀gẹ́ bá linamarin, èròjà inú ẹ̀gẹ́ tí sáyánáìdì so mọ́, pàdé, tí májèlé sáyánáìdì fi ń tú jáde, tí ó sì ń bá omi àti ooru iná lọ. Nígbà tí mo dé orí májèlé yìí, kò sí ẹni tó ń wo ojú fèrèsé mọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìyá wọn ni.

B.Sc. mi ló fún mi ní ìmọ̀ nípa sáyánáìdì, mo sì dúpẹ́ fún un. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ló fún mi ní ìbéèrè nípa gàrí. Mo gbà gbọ́ gidigidi pé ọmọ tó wà níwájú wa nílò méjèèjì. Ìdí nìyí tí èmi kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ẹni tó bá ṣáà ti mọ ìwé lè kọ́ni. Tai Solarin, tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, mú kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa dáko pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń kà. Nígbà tí mo ń ka ìtàn rẹ̀ báyìí, bí ọmọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń rí níbẹ̀, ju ìnira tí àwọn àgbà máa ń ròyìn rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ìwádìí ló kù fún mi báyìí. Mo ti sọ fún alábòójútó mi pé mo fẹ́ wò ó bóyá àwọn ọmọ tí a bá fi iṣẹ́ gàrí àti ògì ilé wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Biology yóò ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi ìwé nìkan kọ́ lọ, ó sì ní kí n kọ orí kìíní wá. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ PGDE ní sáà tó ń bọ̀, ẹ tètè kọ̀wé sí yunifásítì tí ẹ ti jáde kí wọ́n fi transcript yín, ìwé tó ní gbogbo èsì ìdánwò yín, ránṣẹ́, nítorí pé òun ló máa ń pẹ́ jù lọ nínú gbogbo ìwé tí wọn yóò béèrè.