Ẹ̀kọ Màámi àti GDP

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìmọ̀ ọrọ̀-ajé nílùú Iléṣà níbí. Orí tó máa ń sú wọn jù ni ti àpapọ̀ owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á lọ dà á sínú ìwé ìdánwò, ó parí. Ó máa ń dùn mí, torí ìdí ìkòkò ẹ̀kọ màámi ló ti kọ́kọ́ yé mi.

Láago mẹ́rin ìdájí, màámi á ti máa ro ẹ̀kọ, èmi á máa fi àkísà tútù nu ewé níkọ̀ọ̀kan. Ewé tó bá ya, wọn ò ní jẹ́ kí n jù ú nù. "Owó ni mo fi rà á," ni wọ́n máa ń wí.

Mo máa ń kọ ìṣirò ẹ̀kọ náà sára pátákó ní kíláàsì. Àgbàdo, 6,000 náírà. Owó ẹ̀rọ, 800. Igi ìdáná, 1,200. Ewé, 1,000. Nígbà tí ẹ̀kọ tán lórí igbá, 13,500 ló wọlé. Èló ni ti màámi nínú GDP, ìyẹn àpapọ̀ iye ohun àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jáde nínú orílẹ̀-èdè lọ́dún kan? Gbogbo kíláàsì á pariwo pé 13,500! Rárá o. Wọ́n ti ka ti àgbẹ̀ tó ta àgbàdo, wọ́n ti ka ti ẹlẹ́rọ, ti onígi àti ti eléwé náà. Bí a bá tún kó gbogbo rẹ̀ mọ́ ti màámi, a ti ka àgbàdo kan náà lẹ́ẹ̀mejì. 4,500 ni tiwọn, ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn fi kún un.

GNI, ìyẹn owó tó wọlé fún àwọn ará orílẹ̀-èdè, ibi yòówù kí wọ́n ti rí i, kì í pẹ́ yé wọn, torí ọmọ òṣómàáló ni wọ́n. Ìlú onílùú ni àwọn baba wa ti ta aṣọ, Iléṣà ni wọ́n fi owó rẹ̀ kọ́lé sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: bí ilé-iṣẹ́ òkèèrè bá wà á, ó wọ GDP Nàìjíríà, ṣùgbọ́n GNI á yọ èrè tó jẹ́ ti ará òkèèrè kúrò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, màámi ló ń wẹ ìyá bàbá mi, tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu. Èló ni tiwọn?"

Mo sọ òótọ́ fún un: òdo ni. Bí wọ́n bá gba nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń sanwó fún, tirẹ̀ á wọlé, fún iṣẹ́ kan náà. Simon Kuznets, onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó kọ ìròyìn lórí owó tó ń wọlé fún Amẹ́ríkà fún ilé aṣòfin wọn ní 1934, kìlọ̀ nínú ìròyìn yẹn gan-an pé ó ṣòro láti fi owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè mọ bí ará ìlú ṣe ń gbádùn sí. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ìkìlọ̀ yẹn gbẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ wa.

Nígbà tí aago lù, ọmọ náà wá síwájú, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ "ìtọ́jú ìyá àgbà" sábẹ́ "ewé". Kò kọ iye kankan síwájú rẹ̀. Mi ò pa pátákó náà rẹ́.