Iṣẹ́ abẹ ikùn àti ẹnu àwọn ará ilé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún nítorí ọ̀rá àpọ̀jù, tàbí tí àwọn òbí yín ń múra rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ tó ronú aṣọ tuntun, ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ oúnjẹ òde àríyá. Ní Faransé, níbi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi, ni wọ́n ti ṣe tèmi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 17, torí pé ìtọ̀ ṣúgà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń pe iṣẹ́ abẹ náà ní ìmẹ́lẹ́ kò bá mi gbélé. Nínú irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àpòlúkù ni wọ́n máa ń gé kúrò, èyí tó kù yóò sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń jẹun, a ń rún un kúnná, a kì í sì í mu omi mọ́ ọn.

Ta ni yóò ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ níbi ìdána ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin? Ọkà pupa tí wọ́n fi tòmátì àti omi ẹran rò ni wọ́n gbé ka iwájú mi, pẹ̀lú itan adìyẹ díndín. Lẹ́yìn òkèlè mélòó kan, mo ní ó tó mi. Ìyá náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, béèrè lójú gbogbo èèyàn bóyá oúnjẹ àwọn kò tó nǹkan lójú ẹni tó ti Faransé dé. Ìtìjú mú mi, mo ń gbé òkèlè mì léraléra, mo sì ń fi omi tì í. Ẹ̀yìn àgọ́ ni mo ti bì í sórí aṣọ ẹbí tí mo wọ̀, tí mo sì ń gbọ́ àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń sọ pé bí sídà, ìyẹn àrùn éèdì, ṣe ń sọ èèyàn di egungun nìyẹn. Àwọn yìí kan náà ni wọ́n máa ń fi sísanra mi ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀! N kò fẹ́ jáde nílé mọ́. Onímọ̀ nípa ọkàn kan ní Kútọnu ló bá mi sọ̀rọ̀ títí ara mi fi balẹ̀.

Ẹ má rò pé bí ara bá ti fúyẹ́, ọkàn náà yóò fúyẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n tọpa àwọn ọ̀dọ́ 81 fún ọdún 5 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ka ara wọn sí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ ti ní ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ọkàn yín kí wọ́n tó ṣe é, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Fítámì tí dókítà bá kọ, ẹ máa lò ó láìdáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ òde àríyá yẹn ni mo ń tẹnu mọ́. Kí màmá tàbí àǹtí kan ti bá àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó débẹ̀, kí ó jókòó tì yín, kí ó sì jẹ́ òun ni yóò máa dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n bá tún ń bu oúnjẹ sí àwo yín.