Ọpẹ́ Mi Lórí Ìdáǹdè Kúrò Lọ́wọ́ Ọtí

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, mo kí yín ní orúkọ Jésù. Ìdúpẹ́ tí mo mú wá kì í ṣe ti ọmọ tuntun tàbí ti ìwé ìgbélùú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ ni a mọ̀ jù ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín. Ọlọ́run ni ó gbà mí lọ́wọ́ ọtí, mo sì fẹ́ sọ ọ̀nà tí Ó gbà ṣe é bí ó ti rí gan-an, nítorí pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ní alẹ́ ìṣọ́ òru kan báyìí ni ọtí náà fi mí sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá dé láàárọ̀, tí ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, tí ọmọ sì ti lọ sí ilé-ìwé, n ó fa kọ́tìnì bo fèrèsé, n ó sì bu ọtí sínú ife tíì kí oorun lè gbé mi lọ. Nígbà tí ó yá, oorun kò wá mọ́, ṣùgbọ́n ọtí kò dúró. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí n kò bá tíì fẹnu kàn án. Ẹ gbààwẹ̀ fún mi, ẹ sì gbàdúrà, n kò sì fojú kéré rẹ̀ láé. Àmọ́ lẹ́yìn àdúrà, oníkálukú ni ó ń gba ilé rẹ̀ lọ, ilé tèmi sì ni ọtí wà.

Dókítà àdúgbò wa ni ó kọ́kọ́ là mí lóye. Ó ní ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára kò gbọdọ̀ jáwọ́ lójijì láìsí àbójútó, nítorí pé gìrì bíi ti wárápá lè mú un, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ènìyàn mọ́ yàrá nítorí ìtúsílẹ̀. Ó fún mi ní oògùn tí à ń dín kù díẹ̀díẹ̀ àti fítámì B1, ó sì darí mi sí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní AA, níbi tí àwọn tí ọtí ti dè ti ń pàdé láti ran ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè jáwọ́.

Ní ọdún 1935 ni ọkùnrin méjì tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé wọn jẹ́ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill W. àti Dókítà Bob ni a ń pè wọ́n títí di òní. Ẹgbẹ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1947. Kò sí owó ẹgbẹ́ tí ó di dandan. A máa ń gbé igbá kiri, ẹni tí ó bá ní yóò fi sí i. Kìkì pé ó wu ènìyàn láti jáwọ́ nínú ọtí ti tó láti sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́.

Nígbà tí mo ń lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé AA ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, òyìnbó kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù, bí kò ṣe kí n má lọ pàdé ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Mo sì pàdé rẹ̀! Bàbá kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni. N kò ní sọ ẹni tí ó jẹ́, òun náà kò sì sọ ẹni tí mo jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín tiwa, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ọmọ ta ni ọ́, ìtìjú ọtí sì máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ìdílé ẹni; níbẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo tó, wọn kò sì béèrè ti bàbá mi. Lẹ́yìn náà ni ìyá òyìnbó kan dìde, tí ó ní inú ife tíì ni òun máa ń bu ọtí òun sí. Ẹnu yà mí, nítorí mo ti rò pé èmi nìkan ni mo gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìyá yìí ni ó wá mú mi lọ́wọ́, tí mo lè pè ní ọ̀gànjọ́ òru, tí a sì jọ tọ ìgbésẹ̀ méjìlá tí ọmọ ẹgbẹ́ AA máa ń tọ̀ láti jáwọ́ nínú ọtí, láti orí èkínní, tí í ṣe kí a gbà pé apá wa kò ká ọtí mọ́. Ẹ̀kẹsàn-án ni ó le jù fún mi, níbi tí a ti ń lọ tún ohun tí a bàjẹ́ ṣe lọ́dọ̀ àwọn tí a ṣẹ̀. Kò rọrùn kí ìyá Yorùbá jókòó síwájú ọmọ tí ó bí, kí ó sì ní kí ó forí ji òun. Ọmọ náà ní òun ti ń retí rẹ̀.

Ọkọ mi náà rí Al-Anon, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1951 fún àwọn ará ilé ọ̀mùtí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti máa purọ́ fún ọ̀gá mi pé ibà ni ó ń ṣe mí.

Adẹ́tẹ̀ kan tí ó padà wá dúpẹ́ ni a máa ń tẹnu mọ́ nínú Lúùkù orí 17. Nísinsìnyí, ojú mi ń lọ sí ibi tí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti dúró lókèèrè, tí wọ́n jọ gbé ohùn wọn sókè. Kí Jésù tó gba ọ̀nà wọn kọjá, ta ni ó ń bá wọn gbé bí kò ṣe ara wọn? Ará Samáríà wà láàárín wọn, àìsàn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé e.

Àgbà kan nínú ìjọ bi mí pé, bí Ọlọ́run bá ti wò mí sàn, kí ni mo tún ń wá lọ síbẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ibẹ̀ ni Ó ti ń wò mí.

Àwọn tí wọ́n gbọ́ ẹ̀rí yìí lẹ́nu mi mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ìlànà ẹgbẹ́ ni pé a kì í fi orúkọ wa síta fún ayé kà, nítorí náà n kò kọ tèmi sí i. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kan yín tàbí ará ilé yín, ẹ rí mi lẹ́yìn ìsìn. Ẹ kò ní láti ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ sáà béèrè ọjọ́ tí mo tún ń lọ, a ó jọ wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹgbẹ́ náà wà ní Nàìjíríà, ìpàdé sì ń wáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ẹ bá mi yin Olúwa.