“Rival”, orogún, àti okùn méjì lẹ́nu kànga kan

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ wákàtí kan àbọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́sìnì JAMB ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọ ní Tákíe, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta abọ́ rọ́bà tẹ́lẹ̀. Tí iná bá wà, a máa ń tó 16. Tí kò bá sí, ẹ fi mẹ́sàn-án kà á. A ń ṣe àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń fàlà sí ọ̀rọ̀ kan nídìí, kí ẹ wá mú èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọn jù. “Rival” ni wọ́n fàlà sí. Ìdáhùn mẹ́rin wà nísàlẹ̀: enemy, competitor, partner, stranger. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nítorí ooru mú “competitor”. Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé pẹlẹbẹ wọn ní “enemy” ni.

“Sà, ta ló jàre?”

Mo ní òun ló jàre. Ni kíláàsì bá dà bo mí. Ọmọbìnrin kan ní nínú fíìmù, ẹni tí wọ́n bá ti pè ní rival, òun náà kọ́ ló máa ń da májèlé sọ́bẹ̀?

Mo wá bi wọ́n pé kí ni Yorùbá ń pè é. Ọ̀kan ní ọ̀tá, ọ̀kan ní alátakò. Ọmọ kan tí kì í sábà lanu sọ̀rọ̀ ló ní “orogún”, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rokà lójú afẹ́fẹ́, bíi pé orógùn ni wọ́n pè. Mo ní kí wọ́n rọra o, ọmọ ilé olórogún ni mí.

Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Rivus ni ìṣàn omi, odò kékeré. Rivalis sì ni ẹni tí òun àti ẹlòmíràn jọ ń lo omi ìṣàn kan náà. Oko tèmi wà lápá ibí, tìrẹ wà lọ́hùn-ún, omi kan là ń pín. Tí mo bá darí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi jù, tìrẹ á gbẹ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Róòmù fúnra wọn ló tún wá gbé orúkọ náà lé àwọn ọkùnrin méjì tó ń lé obìnrin kan lórí, èyí ni Gẹ̀ẹ́sì sì gbà ní apá ìparí àwọn ọdún 1500. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ibẹ̀ náà ni “river” ti wá o. Ti “river” jẹ mọ́ ripa, etí odò. “Derive” gan-an ló bá “rival” tan.

Àwọn fi tiwọn sórí ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Àwa fi tiwa sórí obìnrin méjì àti ọkọ kan. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni kó tètè hàn sí yín.

Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, kànga kan ló wà lẹ́yìnkùlé. Màámi ni ìyàwó. Ìyáálé wọn là ń pè ní Ìyá Àgbà. Láfún ni àwọn méjèèjì ń ṣe tà, láfún ò sì gba aláìlómi: ẹ ó bó ẹ̀gẹ́, ẹ ó rẹ ẹ́ títí á fi rọ̀, ẹ ó fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lọ sá a sórí àpáta. Kálukú ló ní okùn àti korobá tirẹ̀. Ìyá Àgbà kì í fi okùn tiwọn sílẹ̀ lẹ́nu kànga, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń ká a sí. Màámi máa ń fi tiwọn kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń fa omi tó mọ́, ẹni tó bá pẹ́ á fa ẹrẹ̀. Mo ti gbọ́ ìró korobá lágogo mẹ́rin ìdájí rí, tí Màámi sì pòṣé nínú òkùnkùn.

Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kẹta, omi á ti lọ sísàlẹ̀, okùn ẹnikẹ́ni ò ní tó o mọ́. Ìyá Àgbà á yọ okùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìsọ nǹkan kan, Màámi á mú tiwọn wá, wọ́n á ta méjèèjì ní kókó pọ̀. Kókó náà máa ń tó ìkúùkù ọmọdé. Tó bá dé etí kànga á há, ẹ máa ní láti fi ọwọ́ kan gbé e kọjá kí korobá má bàa dà nù. Ìyá Àgbà á fa kan, Màámi á fa kan. Wọn kì í kí ara wọn. Tí òjò bá dé, wọ́n á tú kókó, kálukú á gba okùn rẹ̀ lọ.

Mo bi àwọn ọmọ náà bóyá ọ̀tá lè so okùn mọ́ okùn. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, “Tí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n dáadáa, wọ́n á so ó, sà.” Mo fún un ní máàkì kan fún ìyẹn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. “Competitor” ni abánidíje: ohun kan náà là ń wá, a sì lè máà mọ ara wa rí. Ọmọ tó ń ṣe JAMB ní Sókótó, competitor yín ni, kì í ṣe rival yín. “Opponent” ni ẹni tí wọ́n gbé kò yín lójú lónìí. Tí ayò bá tán, ó tán. “Adversary” sún mọ́ elénìní. Ní ti “enemy”, kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń wá ló fẹ́ gbà, ẹ̀yin gan-an ni kò fẹ́ rí.

Àwọn ọmọkùnrin ò gbà àfìgbà tí mo dé orí bọ́ọ̀lù. Apá gúúsù odò Thames ni Arsenal wà títí di 1913, kí wọ́n tó kó lọ sí Highbury, nítòsí Tottenham. Láti ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì ti ń fa omi kànga kan.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, ọ̀rọ̀ yìí ò lè lọ kí orúkọ Akíntọ́lá má jáde. Ó jẹ́ igbákejì Awólọ́wọ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú tó fi igi ọ̀pẹ ṣe àmì. Tí ọkùnrin méjì bá ń bá ara wọn fà á lábẹ́ ọ̀pẹ kan, orogún ni wọ́n. Nígbà tí ilé dàrú ní 1962, tí ọ̀kan jáde lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n di alátakò. Ta ló jẹ̀bi? Bàbá tó ń ta ìwé ìròyìn ní ìta wa àti bàbá tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò tíì parí ẹjọ́ yẹn.

Ibì kan wà tí orogún kò dé. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé nǹkan kan “rival” òmíràn, ìyẹn ni pé ó tó o, ó bá a dọ́gba. Ojúgbà nìyẹn. “Unrivalled” ni aláìlẹ́gbẹ́. Mo fi mọ́ńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ, ẹnikẹ́ni ò bá mi jiyàn. Nínú Hamlet, Shakespeare tilẹ̀ pe àwọn tó jọ ń ṣọ́de lóru ní “rivals”, nítorí náà ẹni tó bá mú “partner”, mi ò lè bínú sí i.

Mo gba bírò, mo fagi lé “enemy” nínú ìwé ọmọ náà. Ó ní, “Tó bá wá jẹ́ tinú ìwé yìí ni JAMB fẹ́ ńkọ́, sà?” Mo ní “competitor” ni kó mú.

A ò tíì kúrò lórí ẹ̀ nígbà tí ọmọ kan kanlẹ̀kùn. Láti òdìkejì títì ló ti wá, níbi tí ẹnì kan ṣí lẹ́sìnì sí ní oṣù kìn-ín-ní, tó fi ₦1,000 dín owó rẹ̀ sí tèmi, tó sì ti kó ọmọ mẹ́rin lọ nínú tèmi. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀gá wa ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá àwọn ní dọ́sítà.”

Mo fún un. Mo ní kó dá a padà kó tó di aago méje.