Ọjọ́ Tí Mo Fi Aáyù Dán Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fọ́nnu pé fíìmù kankan ò lè dẹ́rù bà yín, irú yín lèmi náà tẹ́lẹ̀ o. Ní gbogbo ọgbà wa ní Ọ̀jọ́ọ̀ níbí, nínú Ìbàdàn, èmi ni wọ́n máa ń pè wá jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá fẹ́ wo fíìmù ẹlẹ́rù. Longlegs tọdún 2024 yẹn, èyí tí Nicolas Cage fi nǹkan funfun kun ojú tó ń fi ohùn tín-ín-rín sọ̀rọ̀, oorun ni mo fi wò ó, ẹ má bú mi. A Quiet Place ńkọ́, táwọn ẹranko burúkú kan ń fi etí ṣọdẹ èèyàn, tó jẹ́ pé bó o bá húkọ́ pẹ́nrẹ́n wọ́n ti gbé ẹ lọ? Ẹ̀rín nìyẹn pa mí. Mo ṣáà ń rò ó pé ká ní ọgbà tiwa ni, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ará òkè àti rédíò ará ìsàlẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìnkùlé tó máa ń ké láti aago méje alẹ́, wọn ò bá ti gbé gbogbo wa tán kí ẹnikẹ́ni tó parí oúnjẹ, àfi tó bá jẹ́ pé ariwo gan-an ló máa lé ẹranko náà wọgbó.

Sinners ló mú mi.

Ẹni tí ò bá tíì wò ó, Ryan Coogler ló ṣe é, ọdún 2025 ló jáde, Mississippi lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, ní 1932. Michael B. Jordan nìkan ló ṣe ìbejì méjèèjì, Smoke àti Stack, fìlà ni mo fi ń dá wọn mọ̀, èyí tó ń dé búlúù àti èyí tó ń dé pupa, torí mi ò tíì mọ Táyé mọ Kẹ́hìndé nínú wọn títí dòní. Wùnmí Mosaku tiwa náà wà níbẹ̀ o, ọmọ tí wọ́n bí sí Zaria tó dàgbà sí Manchester, òun ló ṣe Annie, obìnrin tó mọ ewé tó mọ egbò, tó sì gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n ṣí ilé ijó kan lálẹ́ ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ làwọn amùjẹ̀ dé.

Ibi tó ti wọ̀ mí lára rèé: amùjẹ̀ wọ̀nyí ò lè wọlé èèyàn àfi tí onílé bá fi ẹnu ara ẹ̀ ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n ní ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, Cornbread ni wọ́n ń pè é, ó jáde lọ tọ̀. Nígbà tó padà, kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà, ó kàn dúró síta ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní kóun wọlé. Kí ló ń bèèrè sí? Ṣebí òun náà ni olùṣọ́! Annie ló fura. Nígbà tó yá ni wọ́n gbé ìgò aáyù kalẹ̀, kálukú gbọ́dọ̀ jẹ ẹyọ kan lójú gbogbo ayé kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣì jẹ́ èèyàn, torí ẹni tó bá ti di amùjẹ̀ ò lè jẹ ẹ́. Èmi wá ń rò ó níbi tí mo jókòó sí, mo ní ṣé kì í ṣe àgò nìyí? Àgò tí gbogbo ọmọ Yorùbá ń kà, o dé ẹnu ọ̀nà, o ní "àgò onílé o", bí wọn ò bá dá ẹ lóhùn pé "àgò yà" o ò gbọdọ̀ wọlé. Ṣé gbogbo àwọn àgbàlagbà tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà wa láti ọjọ́ yìí…

Ibẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù kú.

Ọjọ́ Fúráídé ni. Iná ti lọ láti Túsìdeé, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ní sólà ni mo ti lọ fi iná sí láptọ́ọ̀pù yẹn. Fóònù mi ti kú láti ọ̀sán, ìyàwó mi kó tèmi tiẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé lọ fi sí jẹnẹrétọ̀ àwọn ọmọ UI tó ń gbé níbẹ̀, ó sì fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu torí ooru, kọ́tìnnì nìkan ló dí i. Òkùnkùn biribiri. Aago mẹ́wàá ti lọ díẹ̀.

Ni mo bá gbọ́ ọ.

"Àgò onílé o."

Mi ò dáhùn. Ohùn yẹn há, ó ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù nílẹ̀.

"Àgò o! Ṣé kò sẹ́ni nílé yìí ni?"

Mo ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ irú ìdáhùn yẹn lóru. Mo ní, "Ẹ̀yin ta, mà?" Mo fi "mà" sí i torí bó bá jẹ́ ẹ̀mí tó dàgbà jù mí lọ ńkọ́, mi ò fẹ́ dá kún ọ̀rọ̀.

"O ò mọ ohùn mi mọ́? Èmi tí mo pọ̀n ẹ́, tí mo wẹ̀ ẹ́?"

Ẹ wò ó, nínú fíìmù yẹn, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bù jẹ, gbogbo ohun tó wà nínú orí ẹ̀ ni olórí amùjẹ̀ máa mọ̀. Nítorí náà pé ó mọ ẹni tó pọ̀n mí, ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan. Mo ní, "Ìlẹ̀kùn ò kúkú tì, mà."

"Mo rí i pé kò tì. Ṣé kí n wọlé?"

Orí mi wú. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bèèrè.

"Mo bi ẹ́ pé ṣé kí n wọlé, o ń bi mí pé kí ló dé! Èmi kì í já wọlé onílé. Mo ti kàgò, o ò dá mi lóhùn. Fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́ pé kí n wọlé."

Fi. Ẹnu. Ara. Ẹ. Mo dojú bolẹ̀ sẹ́yìn àga bẹ́ẹ̀, ikùn mi lẹ̀ mọ́ táìsì, mo ń wá tọ́ọ̀ṣì kékeré tó máa ń wà lábẹ́ tábìlì. Bí mo ṣe rí i ni mo tàn án sọ́nà ìlẹ̀kùn, lákòókò yẹn gan-an ló fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó yọjú, ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ẹnu ẹ̀ ló pọ́n. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ dé àgbọ̀n. Ó wá yanu, eyín iwájú ti ká lókè, ó ku méjì péré, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì.

Ó wolẹ̀, ó rí mi níbi tí mo nà sí. Ó ní, "Ìdọ̀bálẹ̀ ẹ ti tó, dìde. Ṣé kí n wọlé?"

Mo rá wọ kíṣìnì. Mo mọ̀ pé ìyàwó mi ní aáyù nínú náílọ́ọ̀nù kan lẹ́bàá ìyọ̀. Mo kó mẹ́ta sẹ́nu ara mi ná, mo di ọmọrí ìkòkò mú lọ́wọ́ kan, mo wá yí ẹyọ kan lọ sábẹ́ kọ́tìnnì bí ìgbà téèyàn ń ta gólí.

"Kí lèyí?"

"Aáyù ni, mà. Ẹ jẹ ẹ́ kí n rí i."

Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ta ló sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún ẹ?"

Mo pariwo. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta?!"

"Ẹ̀jẹ̀ mi! Ẹ̀jẹ̀ ló gbé mi wá. Ìwọ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ tìẹ dáa?"

"Kò dáa, mà!" Omi ti ń bọ́ lójú mi, bóyá aáyù ni bóyá ẹ̀rù ni. "Kò dáa rárá, ibà ló wà níbẹ̀, táífọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, kò lè dùn lẹ́nu!"

Mo kàn gbọ́ wọ̀mù-wọ̀mù. Ó ń jẹ aáyù. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ṣé ó ṣì kù. Ara mi ò balẹ̀ síbẹ̀ o, torí mo rò ó pé amùjẹ̀ Mississippi laáyù ń bá jà, amùjẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tí ata rodo ò pa, kí laáyù fẹ́ fi ṣe?

Mo wá gbọ́ tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, eegun orúnkún ẹ̀ dún pà. Ó ní, "Mo ti lóṣòó. Ọmọ òṣómàáló ni mí, àwọn baba mi lóṣòó tí wọ́n fi gba owó aṣọ lọ́wọ́ àwọn baba àwọn kan ní Ìbàdàn yìí, ọ̀rọ̀ àgò kan ò lè lé mi. Ìgbà tó bá wù ẹ́ kó o dáhùn."

Èmi tí mo gbọ́ òṣómàáló, ṣé ó yẹ kí n ṣì máa bèèrè? Amùjẹ̀ wo ló mọ òṣómàáló? Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n ronú.

Ibẹ̀ niyàwó mi gba ẹ̀yìn ilé yọ pẹ̀lú àtùpà tó ń lo bátìrì. Ó rí èèyàn lóṣòó, ó kúnlẹ̀ gbì, ó ní, "Háà! Ẹ káàbọ̀, mà! Kí lẹ ń ṣe níta láago yìí? Ẹ wọlé, ẹ wọlé, mà!"

Mo ké, "Má ní kó wọlé! Má ní kó wọlé o!" Mo fò jáde nínú kíṣìnì pẹ̀lú ọmọrí ìkòkò, ẹsẹ̀ mi kan wọ inú bàkẹ́ẹ̀tì ẹ̀wà tíyàwó mi rẹ sílẹ̀ fún àkàrà àárọ̀ Sátidé, èmi àti bàkẹ́ẹ̀tì jọ wọ́ dé pálọ̀, ẹ̀wà ló ṣáájú wa débẹ̀. Àsìkò yẹn ni iná pinnu láti dé. Gbogbo ọgbà pariwo "Up NEPA!", gílóòbù tàn yàà.

Ìyá Iléṣà ló dúró sójú mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Àwọn tó tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n fi orí ọmọrógùn kọ́ mi pé èèyàn kì í já wọlé onílé láìkàgò.

Mo ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá rí dókítà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dá. Wọ́n yí i sí Fúráídé, ọmọ ọmọ wọn sọ ọ́ fún mi lórí Wásáàpù, orí fóònù tó ti kú. Ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ bà jẹ́ ní Ìkirè, wọ́n jókòó sínú eruku fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, eruku yẹn ló dí ọ̀fun wọn. Ebi wá ń pa wọ́n, wọ́n ra dòdò Ìkirè. Ẹni tó bá mọ dòdò Ìkirè mọ̀ pé epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ata sì wà níbẹ̀, kò sì sómi tí wọ́n máa fi nu ẹnu títí tí Micra fi já wọn sílẹ̀ níwájú ilé wa láti Ìwó Road.

Àwọn ará ọgbà ti pé sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rò pé olè ni. Ìyá Iléṣà wo ẹ̀wà nílẹ̀, wọ́n wo ọmọrí ìkòkò, wọ́n gbọ́ òórùn ẹnu mi láti ọ̀nà jíjìn. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló dùn wọ́n. Wọ́n ní, "'Kó.' Ṣé ẹ gbọ́? 'Má ní KÓ wọlé.' Èmi lo ń pè ní 'kó'."

Ilẹ̀ ò lanu. Mo tún dọ̀bálẹ̀, sínú ẹ̀wà.

Ìgbà tíyàwó mi rẹ́rìn-ín tán, ó tó wákàtí kan, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fíìmù fún wọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ wò ó. Lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́yìn tá a ti jẹ búrẹ́dì torí kò sí àkàrà, mo gbé láptọ́ọ̀pù síwájú wọn, mo ń túmọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ lèmi náà ti wá rí ìparí ẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Grace, ohun tíyàwó mi ṣe gan-an lòun náà ṣe, ó fi ẹnu ara ẹ̀ ní kí wọ́n máa wọlé bọ̀. Mo wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi wo òkè àjà.

Mo ti ka ohun táwọn èèyàn kọ nípa fíìmù yẹn káàkiri, ti Ìyá Iléṣà ló dùn mọ́ mi jù. Annie nìkan ni wọ́n ní ó gbẹ̀kọ́ nílé. Grace, wọ́n ní ẹnu gbòfo. Olórí amùjẹ̀ òyìnbó yẹn, Remmick, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó bíi tàwọn ará Ireland pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀ lóru, wọ́n gbọn èjìká díẹ̀, wọ́n ní ó mọ ijó jó, pé ká ní kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ò bá dá a lóhùn pé àgò yà. Àwọn ìbejì ló wá ká wọn lára jù. Wọ́n bi mí pé láti ìgbà tí fíìmù yìí ti bẹ̀rẹ̀, ta ló se ẹ̀wà fún wọn? Mo ní kò sẹ́ni tó sè é. Wọ́n ní ìbejì tí ò jẹ ẹ̀wà, kí ni wọ́n rò pé ojú wọn máa rí? Wọ́n wá yíjú sí mi pẹ̀lẹ́. "Ìwọ náà wá ń da ẹ̀wà nù."

Dókítà rí wọn ní Mọ́ńdè, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyá Iléṣà ní aáyù ni. Wọ́n kó gbogbo èyí tó kù nínú náílọ́ọ̀nù yẹn sínú báàgì wọn láìtọrọ. Àárọ̀ Túsìdeé tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Micra ti ń fọn fèrè níta, mo ti gbé ẹrù wọn jáde, àfi bí mo ṣe rí i pé wọn ò tẹ̀ lé mi. Wọ́n dúró sí àtẹ́rígbà nínú pálọ̀, kọ́tìnnì wà léjìká wọn, wọ́n ní, "Àgò o. Ṣé kí n jáde, àbí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ nǹkan?"